Kẹ̀kẹ́ Wa ní Rumuokwuta

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, Rumuokwuta la dàgbà sí. Láti 2009 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Port Harcourt, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ wa. Láyé Gómìnà Wike, afárá fẹ́ gba orí oríta wa kọjá. Òpó iná àti páìpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀. Àwọn kan, a ò ní dárúkọ wọn, gbẹ́ etí títì, ọ̀nà tiwa gan-an. Oníwáyà ń retí onípáìpù, onípáìpù ń retí oníwáyà, òjò sì sọ kòtò di odò. Ibẹ̀ ni àbúrò wa já sí lálẹ́, tó fi kán lápá. Ìyá wa ta kẹ̀kẹ́.

Afárá ti parí. Mọ́tò ń sáré lókè, a ò rí ọ̀nà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀. Síbẹ̀, àbúrò wa ṣì ń bèèrè ìgbà tí a ó ra òmíràn.