Abéèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ojú Irin Kékeré láti Zaria dé Bukuru

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ń béèrè pé, ṣé kò lè ṣeé ṣe kí ojú irin kékeré àtijọ́, èyí tí ó ti Zaria wá sí Jos àti Bukuru, di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àlejò yóò máa rìn, tí wọn yóò sì máa kọ́ ìtàn níbẹ̀? Ẹgbẹ́ rán àwa mẹ́rin pé kí a lọ fi ẹsẹ̀ wa tẹ apá kan nínú rẹ̀, kí a sì bá àwọn tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ nìyí.

Kúsà ni ó bí ojú irin náà, èyíinì ni irin funfun tí wọ́n fi ń bo inú agolo. Kí ọkọ̀ tó dé, orí àwọn aláàárù ni kúsà fi ń ti orí òkè yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò Benue. Ní 1912 ojú irin ti Zaria dé Rahama, nígbà tí ó sì di 1914 ó ti gun òkè dé Jos àti Bukuru. Bauchi Light Railway ni ìjọba pè é. Kékeré ni lóòótọ́: ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ni àlàfo àárín irin rẹ̀, nígbà tí ti ọ̀nà Èkó sí Kánò jẹ́ mẹ́ta àbọ̀. Nítorí náà ọkọ̀ ti ìhín kò lè gba ti ọ̀hún. Ní Zaria ni wọ́n ti ń tú ẹrù, tí èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ òmíràn. Zaria ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, Jos sì ga tó nǹkan bí 4,000. Ẹ wo bí ẹ̀rọ kékeré náà yóò ti mí tó kí ó tó dé òkè!

Ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa gbà wọlé, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, pẹ̀lú aṣọ títà àti ẹrù wẹ́wẹ́. Nígbà tí ojú irin gbòòrò ti Kafanchan dé Jos ní 1927, iṣẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ní 1957 wọ́n sì pa á tì pátápátá.

Ọjọ́ Sátidé méjì ni a fi rìn. Láti Bukuru ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ti bo ibẹ̀ títí dé inú Jos, àwọn àgbà ni ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí irin gbà fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sí ìhà àríwá ìlú, a rí ilẹ̀ tí wọ́n mọ ga bí ebè gígùn, tí ó ń yí òkè po láàárín àwọn àpáta. Irin ti kúrò lórí rẹ̀. Oko acha tí a ti kórè wà lọ́tùn-ún, ọgbà orọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ gbìn yí oko wọn ká wà lósì. Ọyẹ́ ń fẹ́, ojú ọ̀run funfun, ètè wa sì ń là. Ibi tí ó dára ni, a kò purọ́.

Hausa ni a fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìyá kan tí ó ń bomi rin pòtétò láti inú kòtò omi tí àwọn awakúsà fi sílẹ̀ dá wa dúró. Ó bi wá pé ta ni ó rán wa, ó sì wo ọwọ́ wa bóyá okùn ìwọnlẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Èèkàn ni ó máa ń ṣáájú, ògiri ni ó máa ń tẹ̀lé e." Lórí ojú irin gan-an ni ebè rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé ìbéèrè ni a wá béèrè, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá lẹ́yìn ọgbà orọ́, èyí tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sí ọjà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá gba ibẹ̀, kò sí ebè ẹni tí yóò bàjẹ́.

Darandaran kan sọ pé ọ̀nà màlúù, tí wọ́n ń pè ní burtali, dábùú ojú irin náà. Ó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ ré e kọjá tààrà, kí ó má ṣe bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ibi ìjókòó sórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé kan kìlọ̀ fún wa nípa àwọn kòtò kúsà: omi wọn jìn, bèbè wọn sì ń yìnrìn; kí ọ̀nà àwọn ọmọdé jìnnà sí wọn. Bàbá àgbà kan nawọ́ sí igbó kékeré kan, ó ní ibojì àwọn baba òun wà níbẹ̀, àlejò kì í wọ̀ ọ́. Ó wá fi kún un pé nígbà tí wọ́n ń la ojú irin, bàbá bàbá òun ru òkúta fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ó yẹ kí ó gbà.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni a gbé délé. Ọ̀nà tí a bá ń wá lónìí kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí. Ẹ sì wò ó: nínú ìrìn ọjọ́ méjì, ìbéèrè ti yí ọ̀nà padà níbi mẹ́rin, ó sì dára ju bí a ti rò ó nílé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa Yorùbá gẹ́lẹ́ nìyí. A bí púpọ̀ nínú wa síbí, a sì sin òbí wa síbí, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń kà wá sí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Jos ti 2001, ti 2008 àti ti 2010, ẹni tí ó bá ń wọn ilẹ̀, ọkàn ará àdúgbò a máa fò sí i. Bí a bá gbé máàpù síwájú, tí a ní ọ̀nà àwọn bàbá wa ni, a ó ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa gba ibẹ̀ kọjá ni. Àwọn kọ́ ni wọ́n ni ilẹ̀ tí irin jókòó lé. Ìrántí ni tiwa, kí a mú un wá. Kí onílẹ̀ di okùn mú.

Kì í ṣe àlá lásán ni a ń lá. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ojú irin tí wọ́n pa tì láàárín Elroy àti Sparta di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ní 1967, máìlì 32 ni. Ní England, Tissington Trail, máìlì 13, ṣí ní 1971 lórí ojú irin àtijọ́. Bí tiwọn ṣe ṣeé ṣe, tiwa náà lè ṣeé ṣe, bí a bá fi ẹ̀sọ̀ ṣe é.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wádìí ẹni tí ìwé ilẹ̀ ojú irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, owó gbà-máà-bínú sì tọ́ sí ẹni tí a bá gba ilẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Èkejì, kí ọ̀rọ̀ dé ààfin Gbong Gwom Jos àti ààfin Ẹ́míà Zazzau, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ abúlé, kí wọ́n pe àwọn obìnrin, àgbẹ̀ àti darandaran jọ, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ̀kẹta, níwọ̀n ìgbà tí ààbò kò tíì dúró níbi gbogbo láàárín Zaria àti Jos, kí a bẹ̀rẹ̀ láti apá kékeré kan nítòsí ìlú. Bí ìyẹn bá yè, àwọn tí wọ́n wà níwájú yóò pè wá fúnra wọn.

Ẹ̀yin ìdílé tí bàbá tàbí ìyá yín bá wọ ọkọ̀ kékeré náà rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ìtàn yín sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ bá ní. Àwọn tí wọ́n lè rántí ìró fèrè rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí fún wa.