Àwọn Tí A Pàtẹ́wọ́ Fún, Tí A Sì Gbàgbé

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ènìyàn ń ṣe lábẹ́ ọ̀run, èmi kò rí èyí tí ìyìn rẹ̀ tètè ń dé tó ti òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí èyí tí ìgbàgbé rẹ̀ yá tó o. Bí àgbẹ̀ bá kú, kòkó tí ó gbìn yóò máa so. Bí káfíńtà bá kú, àga tí ó kàn yóò ṣì máa gba ènìyàn jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣèré bá sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé, tí a pa fìtílà, tí àwọn ènìyàn sì gba ilé wọn lọ, níbo ni iṣẹ́ rẹ̀ wà? Ọkàn àwọn tí ó wò ó ni. Bí àwọn náà bá sì kú tán, ó kù díẹ̀ kí a máa bi ara wa bóyá ẹni náà tilẹ̀ gbé ayé rí.

Ní Kétu níhìn-ín, ní agbègbè Kósọ̀fẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ni nínú ìjọ, ó jẹ́ àṣà wa pé kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe eré kan ní àsìkò ìkórè. Ní ọdún kan, ìtàn Jósẹ́fù ni wọ́n fi ṣe eré. Àwọn òbí wá láti Ìkòsí àti láti ọjà Máìlì 12, òórùn ata àti àlùbọ́sà sì wà lára aṣọ àwọn mìíràn, nítorí láti ìdí ọjà ni wọ́n ti wá tààrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọkún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà dárúkọ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ ń ṣàn lẹ́nu wọn bí omi òjò. Mo ní kí wọ́n dárúkọ àwọn òṣèré wa tí ó ti lókìkí kí a tó bí àwọn bàbá wọn. Ẹnìkan dárúkọ Hubert Ògúndé. Àwọn yòókù dákẹ́. Nígbà náà ni mo sọ ìtàn Orlando Martins fún wọn, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Ọmọ Èkó ni Martins. Òkè-Súnà ní Erékùṣù Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 1899. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kétu, tí ó gba orí afárá gígùn nì kọjá ọ̀sà, kò ní pẹ́ dé ibẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá dá a dúró. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School ní ọdún 1913, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, nígbà tí ogun sì parí, ó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rò ó wò, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú, láìní bàbá, láìní ìyá nítòsí, ní ìlú òtútù! Ó ja ìjàkadì fún owó. Ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó bá àwọn akọrin eré Show Boat rin ìrìn àjò. Ó sì fara hàn nínú sinimá ìgbà tí sinimá kò tí ì máa sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1935, ó wà nínú sinimá Sanders of the River, pẹ̀lú Paul Robeson, ará Amẹ́ríkà, olóhùn iyebíye, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lóko ẹrú tí ó sì di àlùfáà. Sinimá náà gbé òyìnbó alákòóso ga, ó sì fi àwa ènìyàn dúdú hàn bí ọmọdé tí kò lè dá ara rẹ̀ ṣàkóso. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, àwọn méjèèjì tún dúró lórí ìtàgé kan náà ní Westminster Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú eré tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa Toussaint Louverture, ẹni tí ó ṣíwájú àwọn ẹrú ilẹ̀ Haiti títí wọ́n fi já ìdè wọn. Robeson ni Toussaint. Martins ni Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ìdìtẹ̀ náà dìde ní ọdún 1791. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe eré náà. Sinimá ti àkọ́kọ́ wà títí di òní, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Eré ti èkejì lọ pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́ alẹ́ ọjọ́ náà.

Okìkí rẹ̀ kàn sí i lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1949 ó ṣe Blossom nínú sinimá The Hasty Heart, pẹ̀lú Ronald Reagan tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà níkẹyìn. Ọmọ ogun Basuto ni Blossom, ó wà ní ilé ìwòsàn láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ojú, ọwọ́ àti ẹ̀rín ni Martins fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní eré rí mọ̀ pé èyí ṣòro ju kí a há ọ̀rọ̀ ogún ojú ìwé sórí lọ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún lókè òkun ó padà sí Èkó. Ó wà nínú Kongi's Harvest, sinimá tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ó kú ní Èkó, ní ẹni ọdún 85.

Èéṣe tí a fi rántí Ògúndé, tí a sì gbàgbé Martins? Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọṣà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944 pẹ̀lú eré ọgbà Édẹ́nì tí ó ṣe fún ìjọ, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Èdè wa ni ó fi ṣe é, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìlú dé ìlú, àwọn mìíràn sì rí i, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1964 nítorí Yorùbá Ronú, àwọn ará ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Martins kò ní ẹgbẹ́ tí ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èdè àjèjì ni ó fi ṣeré, àwọn àjèjì ni ó sì ni àpótí tí sinimá rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá sí nínú ìtàn tí ìyá ń sọ fún ọmọ, ó ṣòro kí orúkọ rẹ̀ pẹ́ nílé.

Bí mo ti sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan dìde, ẹni tí ó ṣe agbọ́tí Fáráò nínú eré wa, tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Máìlì 12. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, bí ó bá ṣe sinimá tí ó fi wá ṣe ẹlẹ́yà, kí ni a ṣe ń rántí rẹ̀? Ṣé kò sàn kí a gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Ìbéèrè náà tóbi ju ọmọ tí ó bi í lọ. Mo dá a lóhùn pé ìrántí kì í ṣe ìyìn. Bí a bá gbàgbé Martins nítorí iṣẹ́ ọdún 1935, a ti gbàgbé Boukman ti ọdún 1936 pẹ̀lú rẹ̀. A ó sì tún gbàgbé ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tí ó fẹ́ ṣeré mọ̀: pé ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn kì í sábà yan oúnjẹ tí a ó gbé fún un, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, a ó rí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní: “Ó dára, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí a kọ méjèèjì sílẹ̀, kí a má fi ọ̀kan pamọ́.” Inú mi dùn púpọ̀ sí ìdáhùn yìí, nítorí agbọ́tí inú eré wa ti sàn ju agbọ́tí ayé àtijọ́ lọ, ẹni tí ó jáde kúrò lẹ́wọ̀n tí ó sì gbàgbé Jósẹ́fù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ ra ìwé ńlá kan fún ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì kọ eré ọdọọdún sínú rẹ̀: ẹni tí ó ṣe ọba, ẹni tí ó ṣe ẹrú, ẹni tí ó lùlù, ẹni tí ó rán aṣọ, àti ẹni tí ó di fìtílà mú. Àwa ti ra tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín léèrè nípa àwọn òṣèré tí wọ́n wò ní èwe wọn, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ní gbàgede ọba, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú àti ọdún. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lè dá yín lóhùn ti darúgbó, nígbà tí ìsinmi ọdún bá sì dé, ó lè jẹ́ pé aga wọn nìkan ni ẹ ó bá nílé.