Ó Ku Mẹ́ta Péré

1/ Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìparí ọdún tó kọjá, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí. Thread gígùn ni, ẹ wá àga. Ó dá lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó kan tí gbogbo wa ti kà rí: "Ó ku mẹ́ta péré."

2/ Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí: iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ mi máa ń dún bíi ti ìyá ọlọ́jà tó dúró níwájú yín, kì í dún bíi ti báńkì.

3/ Ọ̀gá kan tó ń ta fáànù onísólà gbé iṣẹ́ fún mi. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo sọ̀rọ̀ NEPA, mo sọ̀rọ̀ ọmọ tí kò rí oorun sùn, mo sọ̀rọ̀ ooru tó lé baálé ilé sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ìparí, ọ̀gá ní kí n fi kún un: "Ó ku mẹ́ta péré o! Tó bá tán, ó tán." Mi ò béèrè pé mélòó ló wà ní sítọ́ọ̀. Mo kọ ọ́, mo gba owó mi.

4/ Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àbúrò ìyá mi pè mí. Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ló ti ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́. Ó ní òun ra fáànù kan lórí WhatsApp, ₦85,000. Ó ní mẹ́ta péré ni wọ́n ní ó kù, lòun bá sáré sanwó kó má bàa bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

5/ Owó wo? Owó àjọ. Oṣù mẹ́wàá ló fi dá a. Ó ti pinnu pé tí ẹ̀wà tuntun bá ń wọlé láti òkè Ọya, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, òun á ra àpò mẹ́ta, òun á tọ́jú ẹ̀ dìgbà tó bá wọ́n. Àpò méjì ló rí rà.

6/ Ó ní: "Àbẹ̀kẹ́, èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo tún rí ìpolówó yẹn láàárọ̀ yìí. Mẹ́ta náà ló ṣì kù." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ Yorùbá o. Àfi bíi pé ìwọ ni."

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.

7/ Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ń ṣe lórí èèyàn. Ìwádìí kan wà tí àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní ìpolówó máa ń tọ́ka sí gan-an. Ọdún 1975 ló jáde. Àwọn mẹ́ta ló kọ ọ́: Stephen Worchel, Jerry Lee, àti Akanbi Adewole.

Mo tún un kà. Àkànbí Adéwọlé! Orúkọ ilé wa ló wà níbẹ̀ yẹn.

8/ Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ bisikíìtì wò, kí wọ́n sọ bó ṣe rí lójú wọn. Ìgò tí àwọn kan ti mú tiwọn, mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ti àwọn tó kù, méjì péré. Bisikíìtì kan náà ni o. Àwọn tó rí ìgò oní méjì sọ pé ó wu àwọn ju bó ṣe wu àwọn tó kù lọ, wọ́n sì ní owó rẹ̀ á pọ̀ jù.

9/ Ó tún kù. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ìgò oní mẹ́wàá síwájú àwọn kan, wọ́n wá fi oní méjì pààrọ̀ ẹ̀ lójú wọn. Ó tún wu àwọn wọ̀nyí ju àwọn tó bá méjì níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ. Èyí tó wá le jù ni ti àwọn tí wọ́n sọ fún pé àwọn ẹlòmíì ló ń jẹ ẹ́ tó fi dín kù. Ohun tó ń tán lọ níṣojú wa, tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń kó o lọ, òun ló ń dà wá láàmú jù.

10/ Ibi tó wá dá mi dúró nìyí: nígbà tí wọ́n béèrè nípa adùn, bisikíìtì inú ìgò oní méjì kò dùn ju ti inú ìgò oní mẹ́wàá lọ. Ó wù wọ́n jù, kò dùn jù.

Fáànù àǹtí mi ń ṣiṣẹ́. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò ta ọjà burúkú fún un. Ìkánjú ni wọ́n tà fún un, èmi ni mo sì bá wọn kiri ẹ̀.

11/ Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ló ń kó sí i o. Lọ́jà tòótọ́, ohun tó ń tán máa ń sọ nǹkan fún wa. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alákàrà tí àkàrà ẹ̀ ti ń tán, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ti jẹ ẹ́ rí ló ń padà wá. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì kún inú abọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n nìyẹn. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni irọ́ wa ń jẹ lára ẹ̀.

12/ Ẹ wá fi ti Nàìjíríà kún un. Daniel Kahneman àti Amos Tversky ti kọ ọ́ lọ́dún 1979 pé ohun tá a pàdánù máa ń dùn wá ju bí èrè tó tó iye kan náà ṣe ń múnú wa dùn lọ. Àwa ò tiẹ̀ nílò kẹ́nì kan kọ́ wa. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, a ti mọ̀ pé ohun tá ò bá rà lónìí lè wọ́n lọ́la. Ní Oṣù Kejìlá 2024, NBS ní owó ọjà ti fi 34.80% ga ju ti Oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ.

13/ Torí náà, nígbà tí àǹtí mi kà á pé "tó bá tán, ó tán", ojúkòkòrò kọ́ ló mú un sáré. Ohun tójú ẹ̀ ti rí ni. Ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀, èmi kàn lọ sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rù yẹn létí ni.

14/ Ṣé èmi nìkan ni mò ń ṣe é? Rárá o. Lọ́dún 2019, Arunesh Mathur, tó wà ní Yunifásítì Princeton nígbà yẹn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lo kọ̀ǹpútà láti yẹ nǹkan bí 11,000 ìkànnì ìtajà wò. Wọ́n rí ibi 1,818 tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n ti oníbàárà síbi tí kò fẹ́ lọ. Aago kan á máa kà pé ẹ̀dínwó ti fẹ́ parí. Tẹ́ ẹ bá tún ojú ìwé yẹn ṣí, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òmíì á ní "ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á báyìí", bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ló kàn ń mú nọ́ńbà tó bá wù ú.

15/ Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ní Oṣù Kejì ọdún 2019 kan náà, àjọ CMA mú kí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tó ń bá èèyàn gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, tí Expedia àti Booking.com wà lára wọn, gbà láti jáwọ́ nínú kí wọ́n máa jẹ́ kéèyàn rò pé yàrá ń tán ju bó ṣe rí lọ. Nílé wa níbí, òfin tó dá FCCPC sílẹ̀ náà ka ìpolówó tó ń tan oníbàárà jẹ léèwọ̀. Èmi ti ń pè é ní ọgbọ́n ìtajà.

16/ Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí Bódìjà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí mi. Kí n tó lanu, oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra kọ́ńgò ẹ̀wà olóyin mẹ́fà. Àǹtí mi ní: "Mẹ́rin ló kù o, àmọ́ òmíì ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Tí kò bá kán yín lójú, ẹ dúró dè é, ó máa mọ́ ju èyí lọ." Obìnrin yẹn ra méjì, ó lóun á padà wá. Àǹtí mi bu èènì sí i.

17/ Òun náà ṣáà sọ pé "mẹ́rin ló kù". Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ń kọ ni. Àmọ́ mẹ́rin ló kù lóòótọ́, ó sì sọ ọjọ́ tí òmíì máa dé. Ká má tan ara wa, àwọn ọlọ́jà kan náà máa ń purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n jókòó sí lónìí ni wọ́n máa jókòó sí lọ́la, oníbàárà mọ ibi tó ti máa wá bá wọn jà. Èmi ńkọ́? Orúkọ mi ò sí lórí ìpolówó yẹn.

18/ Mo jẹ́wọ́. Mo ní: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ ọ́."

Kò pariwo. Ó ní: "Mo ti mọ̀. Ta ló tún máa ń sọ pé ooru lé baálé ilé sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo kó lọ."

Mo mú ₦40,000 jáde pé kí wọ́n fi kún owó àpò kẹta. Kò gbà á. Ó ní: "Gbé owó ẹ. Fáànù yẹn ń fẹ́. Nígbà míì tó o bá kọ ọ́ pé ó ku mẹ́ta, kó ku mẹ́ta."

19/ Mo pe ọ̀gá. Mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ló wà ní sítọ́ọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó lé ní igba. Kí ló dé?" Mo ní ẹ jẹ́ ká yọ "ó ku mẹ́ta" kúrò. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo kọ: "Ọjà wà dáadáa. Ẹ fara balẹ̀ ṣírò owó yín. Iye ẹ̀ ò ní yí padà títí oṣù yìí á fi parí."

20/ Mi ò ní purọ́ fún yín torí kí thread yìí lè dùn. Ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn wálẹ̀. Àwọn tó ń béèrè ìbéèrè pọ̀, àwọn tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ dín kù. Ọ̀gá lóun á pè mí, kò pè. "Ó ku mẹ́ta" ti padà sórí page ẹ̀, ẹlòmíì ló ń kọ ọ́ báyìí. Owó ọwọ́ ẹ̀ ni mo fi ń ra data, òun náà ni mo fi ń tu owó ilé jọ. Ó dùn mí o.

21/ Àmọ́ ohun tí mo rí nínú ẹ̀ nìyí. "Ó ku mẹ́ta" ń ṣiṣẹ́ torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti sọ ọ́ ṣáájú wa sọ òótọ́. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n kó jọ làwa ń ná. Lọ́jọ́ tó bá tán, ẹni tí mẹ́ta kù lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́ ló máa jìyà ẹ̀: ọmọbìnrin tó rán aṣọ mẹ́ta, tó sì ń wá ẹni tó máa rà á kí oṣù tó parí.

22/ Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtẹ́ǹtì, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Mélòó ló wà nílẹ̀? Ọjọ́ wo ni òmíì ń bọ̀? Ẹ̀dínwó yìí, ṣé ó máa parí lóòótọ́? Kò gba ìṣẹ́jú kan.

23/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rajà: ẹ béèrè ọjọ́ tí òmíì máa dé. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n gbé sórí page wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tó bá jẹ́ aago ló ń kà, ẹ tún ojú ìwé yẹn ṣí. Tí owó yẹn bá sì ti ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ yàn fún un, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná.

24/ Fáànù yẹn wà ní ìsọ̀ àǹtí mi báyìí, àwọn oníbàárà ń gba atẹ́gùn sára níwájú ẹ̀. Èmi ni mò ń bá wọn kọ status wọn, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ fún wọn nìyí: "Ẹ̀wà olóyin ti dé. Àpò méjì ni."

Mo ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n fi 'péré' kún un?"

Wọ́n ní, "Ṣé mo ní kó o fi kún un ni?"