Ta Ló Ni Ojúde?

Kí n má parọ́ fún yín, físà ni mo ń wá. Èkó ni mo ti ń yàwòrán ilé, àwọn ilé onífẹ́ńsì gíga tí wọ́n ń kọ́ sí ìhà Lẹ́kì, owó oṣù mi kò sì jọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ń lọ. Mo mú Urban Design ní ilé-ìwé kan ní London nítorí pé ọdún kan péré ni wọ́n fi ń gboyè másítà rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé náà ni o tún fẹ́ lọ kọ́? Ṣebí o ti pẹ́ tó nídìí ẹ̀?" Mo ní rárá, Mọ́mì, àyè tó wà láàárín ilé àti ilé ni mo fẹ́ lọ kọ́ báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo dé. Pọ́n-ùn kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà nígbà náà. Ìyàwó mi kò lè tẹ̀ lé mi, nítorí láti oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de àwọn tó bá wá ka másítà oníkíláàsì láti kó ẹbí wọn wá. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà kí n fi ṣiṣẹ́. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, mo ń tòògbé ní kíláàsì lọ́sàn-án. Orúkọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pe olùkọ́ níbẹ̀! Obìnrin kan tó ń kọ́ wa dàgbà ju ìyá mi lọ. Ẹnu mi kò gbà á. "Professor" ni mo ń pè wọ́n títí a fi parí.

Wọ́n kó ìwé lé wa lórí: Kevin Lynch ti ọdún 1960, Jane Jacobs ti ọdún 1961, Jan Gehl ará Denmark tó máa ń ka iye èèyàn tó jókòó àti iye tó ń kọjá. Jacobs nìkan ló dùn mọ́ mi, akọ̀ròyìn tó bá àwọn tó fẹ́ fi títì la àdúgbò rẹ̀ ní New York jà. Ìyókù, mo kà wọ́n nítorí máàkì.

Ohun tó mú mi gan-an ni àwòrán dúdú àti funfun. Ní ọdún 1748, Giambattista Nolli ya máàpù ìlú Róòmù. Ó kun ilé ní dúdú, ó fi títì àti gbàgede sílẹ̀ ní funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tó dórí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi inú rẹ̀ náà sílẹ̀ ní funfun, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Wọ́n ní kí oníkálukú ya àdúgbò tó mọ̀ báyẹn. Mo mú agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, nítòsí Mápó. Mo kun àwọn ilé onípáànù ní dúdú. Mo wá dé ojúde, ọwọ́ mi dúró.

Àwa la ni ín. Kò sẹ́ni tó lè kọ́lé síbẹ̀ láìjẹ́ pé mọ́gàjí, olórí agbo ilé, gbọ́ sí i. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ará agbo ilé kejì ń gbà lọ sọ́jà, wọn kì í tọrọ àyè. Ẹ kú ilé lásán ni wọ́n ń kí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń ta kánópì sí bí ìyàwó bá ń bọ̀ tàbí àgbà bá kú. Bàbá wa àgbà wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń ta ayò lórí wọn. Ṣé kí n kùn ún ní dúdú ni àbí kí n fi í sílẹ̀ ní funfun? Mo fi àwọ̀ eérú kùn ún. Nígbà tí a kó iṣẹ́ wa kọ́ ògiri tí àwọn olùkọ́ tò síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló ni ibẹ̀ yẹn. Mo dákẹ́. Ìdáhùn bíi mẹ́ta ló dé ẹnu mi pa pọ̀, fọ́ọ̀mù ìjọba kì í sì í ní ju àyè ẹyọ kan lọ. Professor ní kí n fi ìyókù ọdún wá ìdáhùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi ní kíláàsì. Ẹ̀rí tí mo wá jẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa bọ́ sí Rye Lane ní Peckham, nínú London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé o lè ra ẹ̀fọ́ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a kó àwọn ìsọ̀ ibẹ̀ kúrò, kí a gbin igi. Mo ní kí a kọ́kọ́ jókòó ná. A rí i pé èèyàn bíi mẹ́ta, mẹ́rin ló pín ìsọ̀ kan ṣoṣo lò: ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà, aláṣọ lẹ́yìn rẹ̀, onídìrí ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá wọn fi owó ránṣẹ́ sílé. Owó ilé tí ẹnì kan kò lè dá san ni wọ́n pín. A fi ẹnu ìsọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, a kàn fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lójú, a sì wá ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò ti máa já ẹrù láàárọ̀. Máàkì wa kò ga. Wọ́n ní kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Inú bí mi, ó sì ń bí mi dòní.

Ojúde náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Àbúrò mi ń bá mi fi téèpù wọ̀n ọ́n nílé, ni Bàbá Kékeré bá pè mí lórí WhatsApp. "Kí lo fẹ́ fi ojúde wa ṣe? Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ìwé ni mo fẹ́ fi kọ."

"Ìwé ilẹ̀?"

Ó gbà mí lákòókò kí n tó pa wọ́n lọ́kàn dà. Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, nínú láíbírì ni mo ti bá ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ pàdé, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1962 lórí àwọn ìlú Yorùbá, àti èyí tó tóbi tí wọ́n tẹ̀ ní 1968. London yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kàwé. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ní ká kà, orúkọ Mábògùnjẹ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé ní Nàìjíríà. Àìgbọ́ ọ nílé yẹn ló dùn mí jù.

Mo ti gboyè. Mo ṣì ń tọ́jú arúgbó, mo sì ń bá ilé-iṣẹ́ kan yàwòrán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí nítorí owó, ẹ ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì àtò ìlú nílé, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi ọ̀dà pupa kọ X sára ìsọ̀ tàbí ògiri ẹnikẹ́ni, ẹ rán ẹnì kan lọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kó ka àwọn tó ń kọjá, kó sì bá mọ́gàjí sọ̀rọ̀.