Jíjí Ẹ̀rọ Tó Sùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí ẹni tó ń pirọrọ. Òwe yìí bá ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá mu gan-an. Kọ̀ǹpútà tí a pa lálẹ́ kò kú, oorun ló ń sùn. Níwọ̀n ìgbà tí okùn iná bá ṣì wà lára rẹ̀, agbára díẹ̀ tí kò ju fólítì 5 lọ ń dé ibi káàdì tó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rọ yòókù, káàdì náà a sì máa dẹtí sílẹ̀ de ìpè. Ìpè yìí ni wọ́n ń pè ní Magic Packet, èyí tí AMD àti Hewlett-Packard gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1990. Báìtì 102 ni: 6 àkọ́kọ́ dà bí agogo akéde, lẹ́yìn náà ni a ó wá pe àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ìyá wo ló ń pe ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó fa pàṣán yọ?

Olùkọ́ kan tó ń gbé ní Odigbó ni yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Orè wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2015 tí JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ kọ̀ǹpútà í lò ti wọ gàù kí ó tó ka ìbéèrè kìíní. Wákàtí kan péré ni àwọn ọmọ náà ní láàárọ̀ láti fi dánra wò. Nítorí náà, olùkọ́ yìí jókòó sídìí thin client, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó jẹ́ pé inú server ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ 20. Mọ́kànlá jí. Mẹ́sàn-án kò dáhùn.

Méjì nínú wọn kò ṣòro. Windows 8 tó jáde ní 2012 ló mú ọgbọ́n ìyára-tan kan dé, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tí a pa gbọ́ ìpè. Ó yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì jí.

Mẹ́rin tó wà ní yàrá kejì ló dà á láàmú jù. Yàrá yẹn gan-an ni òun àti thin client rẹ̀ wà. Ó ku díẹ̀ kí ó fọwọ́ kàn wọ́n, síbẹ̀ wọn kò gbọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé kì í ṣe ibi tí òun jókòó sí ni ohùn ti ń jáde. Ẹnu server ni, server sì wà ní ọ́fíìsì, ní òdìkejì router. Irú ìpè yìí kì í sì í dá kọjá router. Ìgbà tó là á lọ́nà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde.

Ó ku mẹ́ta. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí okùn ti wọ ẹ̀yìn wọn ti kú fin-ín-fin-ín. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lálaalẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa á mọ́. Bí ẹ bá pa á, wọn ò lè gbọ́ tí mo bá pè wọ́n.”

“Tíṣà, ẹ̀yin ò sí ńbí nígbà tí wọ́n bá mú iná dé lójijì lóru. Bí ilé bá jó, ta ni wọn ó bi?”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Orè kò ṣeé fọkàn tán, àwọn tó ṣe Magic Packet kò sì ro ti ọlọ́dẹ tó ń bẹ̀rù iná mọ́ ọn. Àwọn káàdì mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí iná bá ti já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kì í gbọ́ ìpè mọ́ títí a ó fi tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì pa á bó ṣe yẹ. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé ìgbà tí òjò bá ṣú nìkan ni bàbá yóò máa pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní àárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ á tètè wọkọ̀ ní Odigbó, á sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.