Ẹja Ń Rùn, Ọbẹ̀ Dùn

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé gbọ̀ngbọ̀n. Ní agbègbè wa ní Alímòṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgàndò, ọ̀pọ̀ ìyá ni a ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má ṣe sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́, pé Yorùbá ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́.

Obìnrin kan tí ń ta èlò ọbẹ̀ ní ọjà Ìkòtún fi ìwé ọmọ rẹ̀ hàn mí. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "My mother is having a shop. I am knowing the price of pepper." Tíṣà fa ìlà pupa sí abẹ́ méjèèjì, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju èyí tí ó fi ń pe iye owó ọjà lọ, ti dákẹ́ sí ọmọ rẹ̀. "Come", "eat" àti "sleep" nìkan ni ó kù tí ó ń bá a sọ. Ẹni tí ń pa àlọ́ fún ọmọ lálaalẹ́ tẹ́lẹ̀! Mo ní kí ó tètè padà sí ìdí àlọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn tí a fi kan Yorùbá nínú ìwé yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni ó gbọ́ rí kí Yorùbá wí pé "ìyá mi ń ní ṣọ́ọ̀bù", tàbí "mò ń mọ iye ata", nípa ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? "Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù" ni à ń wí. "Mo mọ iye ata" ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wí i: "My mother has a shop. I know the price." Ìbá ṣe pé èdè ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà tẹ̀ lé, kì bá tí ṣìnà. Ní tèmi, "I am eating, I am going" tí wọ́n ń kà léraléra ní kíláàsì ni ó jẹ́ kí ó rò pé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ń fi "-ing" sí nídìí.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe pín sí nínú èdè méjèèjì. Àwọn kan ń sọ ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe: rà, gún, sè, gbá. Àwọn mìíràn ń sọ bí nǹkan ti wà: mọ̀, ní, fẹ́, gbàgbọ́, jọ. Ẹ mú "ń" kúrò kí ẹ sì fetí sílẹ̀. "Mo ra ata": ata ti wà nínú agbọ̀n, ìṣe ti parí. "Mo mọ iye ata": nísinsìnyí ni mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó bá sọ ti ohun tí ó ti kọjá, Gẹ̀ẹ́sì a máa fún un ní "-ing" nígbà tí a bá ń ṣe é lọ́wọ́. Èyí tí ó bá sọ ti ìsinsìnyí kì í sábà gbà á.

N kò ní tan yín pé Yorùbá kì í ṣi ọmọ lọ́nà rárá. "Ẹja yìí ń rùn" ni à ń wí. "This fish smells" ni ti Gẹ̀ẹ́sì. "Orí ń fọ́ mi" ni ó sún wa dé "I am having headache", nígbà tí "I have a headache" tọ́. Òdìkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú: "ó jókòó" àti "ó wọ aṣọ funfun" kò ní "ń", síbẹ̀ "She is sitting" àti "She is wearing white" ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Irú àwọn wọ̀nyí ni kí a kọ́ ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé ìdáná ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àbọ̀ iṣẹ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "taste", fún ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò àti fún ọbẹ̀ tí ó dùn. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Mò ń tọ́ ọbẹ̀ wò", "I am tasting the soup". "Ọbẹ̀ náà dùn", "The soup tastes good". Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé "The soup is tasting good", n óò bi í pé kí ni ọbẹ̀ náà ń tọ́ wò. Ẹ̀rín a sì pa gbogbo kíláàsì. Bákan náà ni "mò ń ronú", "I am thinking", yàtọ̀ sí "mo rò pé iyọ̀ ti pọ̀ jù", "I think there is too much salt".

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ní alẹ́ òní, bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ ní kí ọmọ sọ ohun márùn-ún tí ọwọ́ yín ń ṣe, àti ohun márùn-ún tí ẹ mọ̀, tí ẹ ní tàbí tí ẹ fẹ́, ní Yorùbá ná, kí ó tó kọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí yín yóò mọ ibi tí "ń" kò ti bá a mu.