Ìjẹ́wọ́ Tí Kò Pé



Bàbá mi fẹ́ràn Bayern Munich ju oúnjẹ lọ. Òun ló sọ ìtàn Uli Hoeneß fún mi. Ọkùnrin yìí wà nínú ikọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì tó gba Ife Àgbáyé ní 1974. Ọmọ ọdún 27 péré ni nígbà tó di máníjà Bayern ní 1979, nígbà tó yá, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Àṣé bàbá ní àkáǹtì kan ní Switzerland, kò sì san owó orí lórí èrè tó ń jẹ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2013, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí àwọn agbowó-orí pé òun jẹ̀bi. Lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ pátápátá, tó sì san gbèsè rẹ̀, lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tirẹ̀ kò pé. Mílíọ̀nù 3.5 yúrò ló wà nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Munich ní oṣù Kẹta 2014, ó ní mílíọ̀nù 18.5 ni. Nígbà tí adájọ́ dájọ́, ó ti di 28.5. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà.

Ibi tí bàbá mi dé rèé tí àyà mi fi já.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni akápò owó bọ́ọ̀lù kíláàsì wa? Nígbà tí owó dín ní táàmù tó kọjá, mo lọ bá kápútéènì, mo ní mo yá ₦500 níbẹ̀. Ó yìn mí pé mo lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. ₦1,800 ni mo ná. Dátà àti púfù-púfù ni mo fi rà. Ìyìn yẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Síbẹ̀, Hoeneß jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù Kejì 2016, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún dìbò yàn án ní ààrẹ. Bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní kò dáa rárá. Èmi ò tíì mọ ẹni tí mo fara mọ́.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti dá ₦1,000 padà. Ó ku ₦800, màá san án kó tó di ìparí oṣù. Mo sì ti gbé àpótí náà fún ẹlòmíràn, ẹ má dá a padà fún mi o. Ó ti pé báyìí. Kò sí èyí tó kù.